Lẹ́tà Tí Kò Lámì: Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Gíráfíìkì àti Ìtẹ̀wé ní Alímọ̀ṣọ́ àti Ipò Àkọtọ́ Yorùbá

Ọ̀kan lára àwọn gbólóhùn Yorùbá tí ojú máa ń bá pàdé jù lọ lára ògiri ìlú Èkó kò sí nínú ìwé ìtàn-àròsọ tàbí nínú ewì kankan. Òun ni E MA TO SIBI. Onílé kọ ọ́ láti fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé òun. Bí a bá fi àmì sí i bí ó ti gbèrò rẹ̀, Ẹ má tọ̀ síbí ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni àwọn akọ̀wé ara ògiri sábà máa ń fi kọ máa, àwọn lẹ́tà kan náà gba ìtumọ̀ kejì láìsí wàhálà: Ẹ máa tọ̀ síbí. Ìkìlọ̀ di ìpè. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì ń kọjá lọ, nítorí òórùn ibẹ̀ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn kí ojú wọn tó kà á. Ẹ̀rín yìí ni kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ èdè fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè: ta ni ó kọ́ ẹni tí ó ń kọ Yorùbá síta gbangba ní iṣẹ́ rẹ̀, kí sì ni ó kọ́ ọ?

Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé aláìmọ̀wé ni akọ̀wé náà. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Ti ara ògiri lè jẹ́ ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù nínú agolo, ṣùgbọ́n pátákó ṣọ́ọ̀bù, báńà ìsọmọlórúkọ, káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, lébẹ́ẹ̀lì àgbo àti póstà olóṣèlú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó ni ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn mìíràn ti gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àìsí àmì lórí Yorùbá tí wọ́n ń gbé jáde kì í ṣe àmì àìkàwé. Èso ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ni, ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ni ó sì yẹ kí lámèyítọ́ gbájú mọ́, bí ó ti ń gbájú mọ́ ìwé.

Alímọ̀ṣọ́ yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi iye àwọn olùgbé ìjọba ìbílẹ̀ náà sí ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, ó sì wà lára àwọn tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ṣí wá láti ibòmíràn: láti Erékùṣù Èkó àti Múṣin nígbà tí owó ilé ga sí i, láti Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Kwara, àti láti ilẹ̀ Ìgbò àti ẹkùn Niger Delta. Ibi tí àwọn àlejò pọ̀ tó báyìí ni pátákó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ wo orúkọ ìlú kan ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòtún. EGBE ni pátákó pè é. Ọmọ bíbí ibẹ̀ mọ ohun tí ó ń kà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ àti ègbé ni lẹ́tà mẹ́rin yìí lè gbé, ọmọ àlejò kò sì lè mọ èyí tí ìlú náà ń jẹ́ láti ara pátákó. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni yóò kọ́ ọ. Ohùn tí ìtẹ̀wé gbé sọ nù, ẹnu ọmọkùnrin tí ó so mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó ni ó ń bá wa tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ ń yan lẹ́tà

Kí a tó dá ẹni òní lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀kọ́ṣẹ́ àná ti rí. Ìtàn ìtẹ̀wé ní èdè Yorùbá kò fi ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń kọ́ iṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, kí Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tó jáde, ní ọgọ́fà owó ẹyọ, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìfọ́lé ọdún 1867 ni ó fòpin sí i. Àwọn òpìtàn sábà máa ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè ilẹ̀ yìí. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí ni pé kí Townsend tó ní òǹkàwé, ó kọ́kọ́ ní láti ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ lẹ́tà òjé ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó wà nínú yàrá tirẹ̀ nínú àpótí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a sì máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú irin tí ó dì mọ́ ọwọ́ òsì, a máa kà wọ́n ní ìdàkejì, nítorí ojú lẹ́tà yí padà bí ẹni pé inú dígí ni wọ́n wà. Àpótí tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Onítẹ̀wé tí ó fẹ́ tẹ Yorùbá dáadáa ní láti béèrè fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyí lọ́tọ̀, kí ó sì yà wọ́n ní àyè lọ́tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ ní yàrá tirẹ̀, e ní yàrá tirẹ̀. Ọwọ́ kò lè mú ọ̀kan láì jẹ́ pé ó ti pinnu pé kì í ṣe èkejì ni òun ń wá. Ní ojoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ṣe ìdánwò àkọtọ́ láìmọ̀ pé ìdánwò ni. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ẹni tí ń ka ẹ̀dà ìdánwò yóò fi yíǹkì sàmì sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yọ lẹ́tà náà tí yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àṣìṣe ń dùn ún ní ọwọ́.

Iṣẹ́ náà tún ní ọ̀nà iwájú. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nílé, tí òun àti Martin Delany jọ wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1859, ni ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Richard Beale Blaize, ọ̀dọ́mọkùnrin Sàró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Freetown, ti ṣiṣẹ́. Blaize bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé ìjọba, ó di ògbóǹtarìgì oníṣòwò, ó sì dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣe baba ìtẹ̀wé Yorùbá. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé onítẹ̀wé ayé ìgbà náà kò dúró sí ẹ̀yìn ilé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yìnjú mìíràn. Ó ń di olóòtú. Nígbà tí Isaac B. Thomas fi ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930, òun ni òǹkọ̀wé, òun náà ni olóòtú.

Kò yẹ kí a fi oyin sí ìtàn yìí jù. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tí ìtumọ̀ lè dojú rú ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, nígbà mìíràn wọn kì í fi í sí ibẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, kì í ṣe pé baba fi àmì sí i tí ọmọ yọ ọ́ kúrò. Ìyàtọ̀ náà wà ní ibòmíràn. Ẹni tí ó yọ àmì kan sílẹ̀ nígbà náà mọ ohun tí ó yọ, nítorí ó wà nínú àpótí lójú rẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ̀wé lónìí kò yọ ohunkóhun. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní i.

Ọ̀rọ̀ sh

Ẹ̀rí kan wà nínú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Alimosho ni gbogbo pátákó ìjọba ń kọ, kì í ṣe Alímọ̀ṣọ́. Bákan náà ni Shomolu, Oshodi àti Shasha tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ní kí a fi ṣ rọ́pò sh nínú orúkọ ìlú, kí a kọ Iléṣà dípò Ilesha, Òṣogbo dípò Oshogbo. Olùkọ́ èdè Yorùbá a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àṣìṣe ni sh. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú títì: àwọn tí ó gbìyànjú láti tẹ̀lé òfin náà láìní lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ yọ h, wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò fi sí abẹ́ s. Ó di Ilesa àti Osogbo, àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí ó ti rí i. Alimosho tí kò gbọ́ràn, òun ni ohùn rẹ̀ kò sọ nù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onímọ̀ gan-an. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, láti orí ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1965 títí dé ìpinnu 1974. Wọ́n bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n bá òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé ńlá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé bí òfin bá ti dé ilé ẹ̀kọ́, yóò tọ ọmọ lẹ́yìn dé ibi iṣẹ́. Ní àkókò tí wọ́n ń ṣe òfin, ọwọ́ ni akọpátákó fi ń kọ pátákó. Búrọ́ọ̀ṣì kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ ju fífi ẹnu kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ. Ohun tí wọn kò lè rí ni pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí yóò gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ akọpátákó, tí yóò sì mú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wá pẹ̀lú rẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù

Bí èèyàn bá rìn láti ibi ọ̀nà mẹ́rin Ìkòtún lọ sí ìhà Ìgàndó, tàbí láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù, ṣọ́ọ̀bù gíráfíìkì kì í wọ́n ọn. Yàrá kékeré ni, kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, jẹnẹrétọ̀ níta, àwọn báńà tí oníbàárà kò padà wá gbà ní igun kan. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè gba ọdún méjì, bí àdéhùn bá ti rí àti bí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ti tó. Ọmọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gbálẹ̀, a máa ra epo, a máa gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú, tí í ṣe ìkóríta ìtẹ̀wé gbogbo Èkó. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó ti CorelDRAW àti Photoshop. Yóò kọ́ bí a ti ń gé àwòrán kúrò nínú ojú ilẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń sọ ojú ará òkú di mímọ́ lára fọ́tò àtijọ́, bí a ti ń to àwọ̀, bí a ti ń wọn báńà ní ẹsẹ̀ bàtà. Ọgbọ́n gidi ni gbogbo wọn, kò sì sí ìdí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ̀ wọ́n dáadáa kò ní fi ebi sùn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Yorùbá ni. Ọ̀gá yóò ní kí ó gbé e sókè díẹ̀, kí ó fà á wọlé, kí ó má jẹ́ kí àwọ̀ náà pariwo, kí ó fún lẹ́tà láyè kí ó lè mí. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ nínú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ẹwà, ìbáwí àti ìyìn, Yorùbá ni. Èdè náà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́. Kò sí ibi kankan nínú iṣẹ́ náà tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà. Nínú ilé ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta, míṣọ́nnárì tí ó jẹ́ àjèjì ni ọ̀gá, síbẹ̀ lẹ́tà Yorùbá wà nínú àpótí. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá, ọmọ Yorùbá ni ọmọ iṣẹ́, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó wà lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ìwé ètò ìsìnkú kan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ olóògbé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, láìsí àmì, bí gbogbo ayé ti ń kọ̀wé lórí fóònù. Oníṣẹ́ gíráfíìkì dà á kọ bí ó ti rí. Ó tẹ SUN RE O, IYA WA sí iwájú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ padà kí wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó: wọ́n yẹ ọjọ́ orí ìyá wò, wọ́n yẹ nọ́ńbà fóònù wò, wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Wọ́n ní ó dáa. Fáìlì lọ sí Ṣómólú, ẹni tí ń ṣe àwo ìtẹ̀wé kò kà á, ẹni tí ń darí ẹ̀rọ wo àwọ̀ nìkan, ẹni tí ń gé bébà wo etí nìkan. Ìwé dé ilé òkú. Bí a bá fi ojú onítẹ̀wé òjé kà á, sun ni sísun ẹran, ìyà wà sì ni pé ìyà ń bẹ. Kò sí ọmọ olóògbé kan tí ó kà á bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹnì kan láàárín ọwọ́ márùn-ún tí ìwé náà kọjá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kà á. Iṣẹ́ ayẹ̀wé-wò, tí ó jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù ní ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, ti parẹ́ láìsí ẹni tí ó ṣòfọ̀ rẹ̀.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni àdánù níbẹ̀ bí gbogbo èèyàn bá ṣì lóye. Ìbéèrè gidi ni, àwọn oníṣẹ́ gíráfíìkì fúnra wọn sì máa ń bi í. Ìwé ìsìnkú kò lè ṣini lọ́nà, nítorí gbogbo ẹni tí ó gbà á ni ó mọ ìyá náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tẹ́lẹ̀ yìí kò sí níbi gbogbo. Bí ẹni tí ń ta àgbo bá ní kí wọ́n tẹ E MA FI OTI MU UN sí lébẹ́ẹ̀lì ìgò rẹ̀, ẹni tí ó ra ìgò náà ní ọjà Ìkòtún tí ó sì gbé e lọ sílé kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá ẹ má fi ọtí mu ún ni tàbí ẹ máa fi ọtí mu ún. Méjèèjì ni a ń sọ nípa àgbo. Gbólóhùn tí a fi rẹ́rìn-ín lára ògiri kò pa ẹ̀rín mọ́ nígbà tí ó bá dé ara ìgò oògùn.

Àríyànjiyàn kejì ni ti ẹwà, ó sì lágbára ju bí àwọn onímọ̀ èdè ti rò lọ. Oníṣẹ́ gíráfíìkì a ní àmì ń dọ̀tí iṣẹ́. Ó ní ìdí. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀, ìso náà sì wà lọ́wọ́ fọ́ńtì. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì aláràbarà tí ó kún inú àwọn kọ̀ǹpútà náà kò mọ bí a ti ń so ó. Àmì yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó bìkítà fi máa ń fi ọwọ́ ya ààmì ìdánudúró sí abẹ́ o, tí wọ́n sì ń dá àmì fífà yọ padà láti fi ṣe àmì òkè. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n sọ àkọlé di ńlá, lẹ́tà yóò dàgbà, kán yóò dúró síbi tí ó wà tí wọn kò bá so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó ti jìyà èyí lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta fún owó kan náà. Yàtọ̀ sí èyí, lẹ́tà ńlá tí ó gbé àmì sókè tí ó sì gbé kán sísàlẹ̀ ń béèrè àlàfo láàárín ìlà ju bí ojú tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ti mọ̀ lọ.

Ìṣòro ìtò ni, ó sì ní ojútùú. Vietnam ń kọ èdè rẹ̀ ní lẹ́tà Látìn pẹ̀lú àmì tí ó pọ̀ ju ti Yorùbá lọ, lókè àti nísàlẹ̀, orúkọ títì wọn sì ń gbé gbogbo rẹ̀ láìsí ẹni tí ó pè é ní ìdọ̀tí. Ẹ àti ọ tí ó ní nọ́ńbà nínú Unicode pàápàá, èdè Vietnam náà ń lò wọ́n. Fọ́ńtì bíi Noto, Gentium àti Charis wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmì Yorùbá sì jókòó dáadáa lórí wọn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe YorubaName, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, náà gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkọ́ wọn kò tó ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún méjì. Kò sí ẹni tí ó gbé e wọ inú ọ̀sẹ̀ kankan.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù

Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá kọ́ ọ, ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọ? Yaba College of Technology, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ní ẹ̀ka tí ó kó iṣẹ́ ọnà, gíráfíìkì àti ìtẹ̀wé pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan, ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ gíráfíìkì ní Èkó sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ nípa ojú lẹ́tà wà níbẹ̀, Lílo Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ políìtẹ́kíníìkì ń kọ́. Títo Yorùbá kò sí lára ohun tí ó pọn dandan. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ètò ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé kún àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò méjèèjì lè wà lórí tákàdá kan náà, fún ọmọ kan náà, láìpàdé láé. Ní aago mẹ́wàá, ọmọ ń fi bírò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀, olùkọ́ sì ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá gbàgbé ọ̀kan. Ní aago mẹ́rin, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ Yorùbá lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò ní ẹ. Ó mọ àkọtọ́. Ọwọ́ tí ó fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe ọwọ́ tí ó fi ń jẹun.

Àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ oyè ni a tẹ̀ láìsí àmì ní irú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi bírò dúdú fi àmì sí láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn ní òru ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí ó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó kàwé gboyè nínú àkọtọ́ san owó fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò kọ́ ọ, ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ. Ìbápàdé kan ṣoṣo tí ó wà láàárín ìmọ̀ èdè àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ṣòfò, ọdọọdún.

Ìjọba pàápàá kò ka lẹ́tà. Láti 2006 ni Èkó ti ní àjọ LASAA tí ń bójú tó pátákó ìpolówó. Ibi tí pátákó dúró sí, bí ó ti tóbi tó àti owó tí ó yẹ kí olówó rẹ̀ san ni iṣẹ́ àjọ náà. A ń wọn pátákó. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe pé ó yẹ kí ọlọ́pàá àkọtọ́ máa rìn kiri Ìgàndó. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ṣe òfin 2018 ni ó ń tẹ àwọn ìwé ìpolongo ìlera àti ti owó orí ní Yorùbá, ó sì lè béèrè pé kí onítẹ̀wé tí yóò gba iṣẹ́ náà fi àmì sí i. Ọ̀gá tí ó bá mọ̀ pé owó wà nídìí ẹ̀ yóò wá ọmọ iṣẹ́ tí ó lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ yóò sì béèrè pé kí wọ́n kọ́ òun.

Títí di ìsinsìnyí, ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń béèrè fún ni frídọ́ọ̀mù. Ní ọjọ́ náà, wọn yóò se oúnjẹ, àwọn òbí yóò wá, ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ní ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹni tí ó ń gbòmìnira a ra ìwé náà ní títẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù gíráfíìkì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sábà ń ṣe é, nígbà mìíràn láti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ gbà á, tí ó sì fi gbogbo ohun tí ó mọ̀ hàn nínú rẹ̀: igun aláwọ̀ góòlù, òǹtẹ̀ pupa, àwòrán rẹ̀ nínú àdìrẹ tàbí kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yorùbá kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni orúkọ ọ̀gá àti orúkọ tirẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì. Yóò fi fírémù sí i. Yóò gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tuntun, lókè kọ̀ǹpútà, níbi tí ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá gbà yóò ti máa kọjú sí i láàárọ̀ lálẹ́.